OHUN TÍ A FI PA IRUN, TÍ Ó Ń BA Ẹ̀RỌ JẸ́

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ààtàn bá gbà, ó ń bọ̀ wá dá a padà.

Lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi bo pàǹtírí mọ́lẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò gbé lè wọlé, àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń sọ ìdọ̀tí di jíjẹrà. Láti ibẹ̀ ni gáàsì ti ń jáde. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni mẹ́táànì, tí í jó bí a bá ṣáná sí i. Bí ó bá fẹ́ lọ sí òfurufú, a máa mú ayé gbóná. Bí wọ́n bá sì fà á gba inú páìpù, a di ohun tí ẹ́ńjìnì fi ń pèsè iná mànàmáná. Ààtàn Palos Verdes ní ìpínlẹ̀ California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ fífa gáàsì yìí, ní ọdún 1975.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Inú ìgò ọṣẹ ìfọrun, ìpara àti òróró abíyá ni. Àwọn tí ń ṣe wọ́n a máa fi kẹ́míkà tí à ń pè ní sílókséènì sí i, kí irun lè máa dán, kí ìpara má sì lẹ̀ mọ́ ara. Ohun tí ó ṣẹ́kù sínú ìgò a bá pàǹtírí lọ sí ààtàn. Níbẹ̀ ni yóò ti di oruku tí ojú kò rí, tí yóò sì dà pọ̀ mọ́ gáàsì.

Nígbà tí gáàsì náà bá jó nínú ẹ́ńjìnì, sílókséènì a di sílíkà, ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú yanrìn. Yóò lẹ̀ mọ́ púlọ́ọ̀gì, fáfù àti orí písítìnì bí ẹfun. Yóò máa ha irin, yóò sì ba ọ́ìlì ẹ́ńjìnì jẹ́.

Èédú tí wọ́n ṣe ní àkànṣe lè gbà á mọ́ra kí gáàsì tó dé inú ẹ́ńjìnì. Ṣùgbọ́n bí èédú náà bá ti yó, dandan ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, owó kékeré kọ́ sì ni. Ní ààtàn tí kò tóbi, ìnáwó náà lè pọ̀ ju iye tí iná yóò mú wọlé. Wọn a sì kúkú máa sun gáàsì náà dànù.

Láti ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kí méjì lára sílókséènì wọ̀nyí, D4 àti D5, tó ìdá kan nínú 1,000 nínú ohun ìtúnraṣe tí a ń fi omi ṣàn nù. Nítorí omi ni wọ́n ṣe ṣòfin náà, kì í ṣe nítorí ẹ́ńjìnì.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ nìyí: ta ni ó yẹ kí ó sanwó èédú? Ṣé ẹni tí ń fa gáàsì ni, tàbí ẹni tí ó ṣe ìpara, tàbí ẹni tí ó fi í para, tí ó sì sọ ìgò nù? Ẹni tí ó bá da yanrìn sí gàrí, kò yẹ kí ó fi eyín ẹlòmíràn jẹ ẹ́.