Kí Ẹgbẹ́ Tó Ra Ọkọ̀ Ìpẹja Tí Yóò Lọ Sójú Òkun

Ọ̀rọ̀ tiwa tòní dá lórí bí a ṣe ń yẹ ọkọ̀ ìpẹja wò kí a tó rà á, pàápàá ọkọ̀ tí a fẹ́ gbé kọjá ọ̀sà lọ sójú òkun.

Ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá títì Ìkòròdú ní Fádèyí lè máa rò pé ọ̀rọ̀ òkun kò kan òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àdúgbò náà mọ̀ pé omi kò jìnnà sí yín. Bí a bá gba Bàrígà lọ sí ìsàlẹ̀, etí ọ̀sà ni a ó já sí, níbi tí àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ẹ̀gùn tẹ̀dó sí, tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n ń yan ẹja, tí wọ́n sì ń kan ọkọ̀. Owó tí a fi ń ra ọkọ̀ níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ owó ẹnì kan. Owó obìnrin tí ń ta ẹja wà níbẹ̀, owó òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì wà níbẹ̀, owó oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò wọ ọkọ̀ rí náà wà níbẹ̀. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá rì, ẹ̀mí ṣòfò, gbèsè sì wà lọ́rùn àwọn tí ó kù. Ní 1999, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé tí a mọ̀ sí ILO ṣírò pé nǹkan bí ènìyàn 24,000 ni ó ń kú lọ́dọọdún lẹ́nu iṣẹ́ ẹja káàkiri àgbáyé. Iṣẹ́ tí ó léwu tó báyìí, a kò gbọdọ̀ fi ojú lásán ra irinṣẹ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí: ọkọ̀ tí ó ń ṣe dáadáa lórí ọ̀sà lè má tó òkun lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe san owó ọkọ̀ tí ẹ kò tíì rí lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí ẹ kò sì tíì fi ẹrù dán wò lórí omi.

Ọ̀SÀ YÀTỌ̀ SÍ ÒKUN

Ọ̀sà Èkó kò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi, ìgbì rẹ̀ sì kéré. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́, tí etí rẹ̀ kò sì ga, fi wúlò níbẹ̀. Ó ń kọjá níbi tí omi kò pọ̀, àwọ̀n dídà sí omi àti fífà rẹ̀ sókè sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbéra láti Bàrígà lọ sí òkun yóò kọjá lábẹ́ afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990, yóò gba ẹ̀gbẹ́ Erékùṣù Èkó, kí ó tó jáde lẹ́nu òkun láàárín òkúta tí ìjọba àwọn òyìnbó tò sí apá méjèèjì. Ẹnu òkun yìí ni omi ọ̀sà tí ń fà jáde ti ń pàdé ìgbì òkun tí ń wọlé bọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá forí gbárí, ìgbì a ga, a sì dúró ṣánṣán bí ògiri. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án ni òkun wa máa ń le jù lọ. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Ọkọ̀ tí yóò lọ síbẹ̀ gbọdọ̀ ní iwájú tí ó ga tí ó sì mú, kí ó lè la ìgbì, kí ó má ṣe rì sínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọdọ̀ ga. Àárín rẹ̀ gbọdọ̀ fẹ̀ dáadáa. Ó sì gbọdọ̀ ní igi líle kan tí ó gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí í ṣe egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá pẹlẹbẹ bí ọpọ́n, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sà.

Ẹ WÒ Ó LÓRÍ ILẸ̀

Ẹ sọ fún ẹni tí ń tà á pé kí ẹ jọ fa ọkọ̀ náà sórí ilẹ̀, kí ó gbẹ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ẹ mú káfíńtà ọkọ̀ tiyín lọ, kì í ṣe èyí tí ó kan ọkọ̀ náà, kì í sì í ṣe ìbátan ẹni tí ń tà á.

Ẹ kọ́kọ́ dúró níwájú, kí ẹ wo igi ìsàlẹ̀ náà títí dé ẹ̀yìn. Bí àárín rẹ̀ bá ta sókè tí iwájú àti ẹ̀yìn sì tẹ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ náà ti gbó, egungun rẹ̀ ti rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó. Ẹ fi tẹ pákó níbi tí ó ti pàdé igi ìsàlẹ̀, lábẹ́ ìjókòó, àti nídìí pákó ẹ̀yìn tí a ń fi ẹ́ńjìnì kọ́. Ẹ tẹ inú ọkọ̀ níbi tí omi òjò ti máa ń dúró pẹ̀lú, nítorí omi òjò a máa tètè mú igi jẹrà. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni gún iṣu sísè, igi ti jẹrà. Ẹ tún fi òòlù kan pákó káàkiri. Ibi tí igi ti le máa ń dún ketekete. Ibi tí inú rẹ̀ ti jẹrà, ohùn rẹ̀ a kú.

Kòkòrò kan wà nínú omi iyọ̀ tí ń jẹ igi. Kì í ṣe ikán. Ìbátan àwọn ẹ̀dá omi tí ń gbé inú ìkarahun ni. Láti kékeré ni ó ti ń wọ inú igi, ihò tí ó bá wọlé kò sì ju èyí tí abẹ́rẹ́ lè gún lọ, ṣùgbọ́n inú pákó ni yóò ti dàgbà, tí yóò máa la ọ̀nà tí ó tó ìka ọwọ́ ní fífẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó láti ìta yóò ní kò sí nǹkan. Kì í sì í ṣe ojú òkun nìkan ni ó wà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọ ọ̀sà Èkó, omi náà a sì níyọ̀. Nígbà òjò, Odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn a tú omi tútù sínú rẹ̀, iyọ̀ a dínkù. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó sùn sínú ọ̀sà ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn lè ti gba àlejò yìí. Bí ẹ bá rí ihò wínníwínní púpọ̀ lójú kan, ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi irin gbẹ́ ibẹ̀ díẹ̀ kí ẹ rí inú rẹ̀.

Ẹ wo ìṣó. Bí ìpẹtà pupa bá ti ṣàn sílẹ̀ lójú ìṣó, irin inú rẹ̀ ti ń tán lọ, pákó lè ṣí lójú ìgbì. Ẹ wo òwú àti ọ̀dà tí wọ́n fi dí àlàfo pákó: ṣé ó dì mọ́ra, tàbí ó ti ń já? Bí ẹ bá sì rí ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà á, ẹ fura. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ bèèrè irú igi tí wọ́n fi kàn án. Ìrókò àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ a máa pẹ́ nínú omi. Arère fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ jẹrà. Arère yìí náà ni àwọn ará Gánà ń pè ní wáwá, tí wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń gbé lọ sójú òkun. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja wọn a máa fa ọkọ̀ sórí iyanrìn lẹ́yìn iṣẹ́ kí ó lè gbẹ. Bí ọkọ̀ tiyín yóò bá máa sun inú omi lọ́sàn-án lóru, igi tí ó le ni kí ẹ wá.

Ẹ DÁN AN WÒ LÓRÍ OMI

Ọkọ̀ tí ó ti gbẹ máa ń jò díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ títí pákó yóò fi wú tí yóò sì fún. Ẹ fún un ní ọjọ́ kan. Ẹ gbọ́n omi inú rẹ̀ gbẹ nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn èyí tí ẹ bá bá níbẹ̀ láàárọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ sáré fún wákàtí kan, kí ẹ tún wọn ọ́n. Bí omi tí ó wọlé láàárín wákàtí kan bá súnmọ́ èyí tí ó wọlé láti alẹ́ mọ́jú, ara ọkọ̀ náà ń ṣí nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Irú rẹ̀ kò tó òkun lọ.

Ìdánwò ẹrù ni ó kàn. Kẹ́ẹ̀gì omi tí ó gba lítà 25 wúwo tó kìlógírámù 25. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí ènìyàn 5 yóò bá wọ ọkọ̀, tí a ka ẹnì kọ̀ọ̀kan sí kìlógírámù 75, 375 nìyẹn, tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì 15. Lítà pẹtiróòlù 100 wúwo tó nǹkan bí 75, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 3. Bí àwọ̀n tútù, yìnyín àti ẹja bá tó tọ́ọ̀nù kan, kẹ́ẹ̀gì 40 ni. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 58. Ẹ lè fi àpò iyanrìn rọ́pò, ẹ̀yin fúnra yín sì lè wọlé. Nígbà tí ẹrù bá pé, ẹ wọn ibi tí etí ọkọ̀ ti rẹlẹ̀ jù lọ sí ojú omi. Ohun tí èmi máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ni pé bí kò bá tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kí wọ́n má gbé e jáde lẹ́nu òkun.

Pẹ̀lú ẹrù yẹn, kí ènìyàn mẹ́ta dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ̀ yóò fì. Ó gbọdọ̀ fì dé ibì kan kí ó dúró. Bí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, ó gbọdọ̀ yára padà. Èyí tí ó lọ́ra padà, ìgbì kejì ni yóò dojú rẹ̀ dé. Ẹ tún rántí pé omi inú ọkọ̀ kì í dúró lójú kan. Ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ bá fì sí ni yóò sáré lọ, tí yóò sì tún tì í sí i. Nítorí náà ni a kì í ṣe é fi omi sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó kéré ni, ó pọ̀ ni. Ẹ ṣe ìdánwò yìí níbi tí omi kò ti ju àyà lọ, kí gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ sì wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì.

Pákó máa ń léfòó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì 40 nìkan wúwo tó nǹkan bí kìlógírámù 70. Bí omi bá kún ọkọ̀, ó lè fà á rì láti ẹ̀yìn. Ẹ de kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ ti dé pinpin mọ́ abẹ́ ìjókòó. Mẹ́wàá irú rẹ̀ lè gbé nǹkan bí kìlógírámù 240 ró. Bí ọkọ̀ bá kún fún omi, tí kò sì rì, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ á rí nǹkan dì mú títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Ẹ́ŃJÌNÌ ÀTI OHUN INÚ ỌKỌ̀

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti tan ẹ́ńjìnì gbóná kí ẹ tó dé. Òwúrọ̀, nígbà tí ó tutù, ni kí ẹ fà á. Ẹ wò bóyá omi tí ń mú un tutù ń tú jáde dáadáa. Ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé ti inú rìsíìtì, nítorí ẹ́ńjìnì olè pọ̀ létí omi. Òfin ẹja òkun ti 1992 ya máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ láti etíkun, tí ó ju kìlómítà 9 lọ, sọ́tọ̀ fún apẹja kéékèèké, kí ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n má bàa wọ ibẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan ń wọ ibẹ̀ lóru. Nítorí náà, iná tí ó tàn rekete ṣe pàtàkì. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àjẹ̀, ìdákọ̀ró àti okùn gígùn, ohun tí a fi ń gbọ́n omi méjì, àti fóònù nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀: gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kà mọ́ owó ọkọ̀.

OWÓ ẸGBẸ́

Ẹ yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò yẹ ọkọ̀ wò, kí apẹja wà nínú wọn, kí ẹni tí yóò gba owó alágbàtà má sì sí níbẹ̀. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí wọ́n kà á sétí ìpàdé. Ẹ fi owó àtúnṣe tí káfíńtà bá pè kún iye tí wọ́n ń tà á, kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó pọ́n tàbí kò pọ́n. Ẹ kọ ìwé àdéhùn níwájú olórí àwọn apẹja ibẹ̀. Bí ẹni tí ń tà á bá kọ̀ pé ẹ kò ní fa ọkọ̀ náà sókè, ẹ má bá a jà. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ pa owó yín mọ́. Ọkọ̀ mìíràn ń bẹ.

Ẹ lè ka ọ̀rọ̀ yìí sí àsọjù. Ìyẹn kò burú. Ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ fi yẹ ọkọ̀ wò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún tí ẹgbẹ́ yóò fi san gbèsè ọkọ̀ tí ó ti rì, a kò sì lè fi owó ra ẹ̀mí padà. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ lọ rí òṣìṣẹ́ ẹja ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ní Ṣómólú tàbí ní Bàrígà.

Iṣẹ́ wa kò ní pa wá, òkun kò ní gbé wa o. Ó dìgbà kan ná.