Àwọ̀ Tó Ń Pọ́n Nínú Oúnjẹ Àwọn Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn opó àti alágbàtọ́ ọmọ òrukàn sọ ní Ìdèrè



Lọ́jọ́ tí a pín bọ́tà àti ohun mímu aláwọ̀ ọsàn fún àwọn ọmọ, ìyá kan dá tirẹ̀ padà. Ó ní ó pọ́n jù, aró ni wọ́n pò mọ́ ọn, òun kò sì ní fi májèlé bọ́ ọmọ ọlọ́mọ. A kò bá a jà. Owó sàká ni a fi rà á, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó béèrè. A ka ara páálí náà, a sì wádìí rẹ̀.

E160a ni wọ́n kọ sí ara bọ́tà, ìyẹn beta-carotene. E101 wà lára èkejì, ìyẹn riboflavin, tí í ṣe fítámì B2. Beta-carotene yìí náà ló mú kí epo pupa wa pọ́n. Ó wà nínú kárọ́ọ̀tì, ó sì wà nínú ẹ̀gẹ́ pupa rúsúrúsú tí wọ́n gbé jáde fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà ní 2011. Ara ni ó ń sọ ọ́ di fítámì A. (Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ epo lórí iná títí yóò fi funfun, òun gan-an ni ẹ ń jó dànù.)

Ṣùgbọ́n nítorí pé nǹkan ń jẹ́ fítámì kò ní kí a máa mu ún bí omi. Ní Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tí ń mu sìgá ní mílígíráàmù 20 beta-carotene lójúmọ́ fún ọdún bíi márùn-ún sí mẹ́jọ. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, àwọn tí ó lò ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ju àwọn tí kò lò ó lọ, pẹ̀lú ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ dúró ní 1996. Nítorí náà ni àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ ní Yúróòpù fi sọ ní 2012 pé èyí tí ènìyàn ń rí nínú àwọ̀ oúnjẹ àti oògùn fítámì kò gbọdọ̀ tó mílígíráàmù 15 lóòjọ́. Ní ti riboflavin, ní 2013 wọn kò rí ewu nínú bí a ṣe ń lò ó. Bí ó bá pọ̀, ìtọ̀ ọmọ á pọ́n, ó parí.

Nítorí náà bọ́tà náà kò léwu. Hóró fítámì tí wọ́n ń kiri nínú mọ́tò ni kí ẹ má ṣe máa rà fún ọmọ láìbi nọ́ọ̀sì.

Ìbéèrè kan kù tó kàn wá ní pàtàkì. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń fi gelatin di beta-carotene kí ó tó wọ inú oúnjẹ. Gelatin lè ti ara ẹja wá, ó lè ti ara màlúù wá, ó sì lè ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá. Èyí tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò bá lè sọ ibi tí tirẹ̀ ti wá, a kò ní fi owó sàká rà á mọ́.

Níbi tí ẹ̀rù ti bà wá jù ni epo pupa fúnra rẹ̀, tí ẹnì kankan kò dá padà. Ní 2015, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Ghana rí Sudan IV nínú epo pupa tí wọ́n ń tà lọ́jà. Aró tí a fi ń kun àbẹ́là àti pólíìṣì bàtà ni. Kì í ṣe fítámì, kò sì sí iye rẹ̀ tí a gbà láàyè nínú oúnjẹ. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Ìdèrè kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú èyí: omi odò mọ́ lójú, sobìà sì wà nínú rẹ̀, títí a fi ń fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ọdún 2013 ni wọ́n tó kéde pé sobìà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Láti ìsinsìnyí lọ, ọ̀dọ̀ àwọn tí a mọ ebu wọn ni a ó ti máa ra epo àwọn ọmọ, bí ó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Ẹni tí epo ilé rẹ̀ kò bá dá lójú, kí ó bu díẹ̀ wá nínú ìgò lọ́jọ́ tí a bá ń pín gàrí.