Pápá Ìṣeré Kì í Ṣe Ògiri Lásán



Ní ọdún 1960 tí a gba òmìnira ni a ṣí pápá ìṣeré ńlá Liberty ní Ìbàdàn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó kọ́ ọ. Owó kòkó sì ni òpó ìjọba náà. Òógùn àgbẹ̀ wà nínú sìmẹ́ǹtì rẹ̀.

Ẹni tí yóò kọ́ irú rẹ̀ kì í fi ògiri bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò, kí omi òjò lè rí ọ̀nà gbà lọ, kí pápá má di àbàtà. Yóò to ìjókòó ní ipele-ipele, kí orí ará iwájú má dí ojú ará ẹ̀yìn. Yóò sì la ẹnu ọ̀nà púpọ̀. Ní Ibrox, ní ìlú Glasgow, ní ọdún 1971, ènìyàn 66 ni ó kú lórí àtẹ̀gùn nígbà tí èrò ń jáde.

Ní Liberty ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní ọdún 1963, tí adé ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé kò fi kúrò lọ́wọ́ wa. Ní ọdún 2010, a fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè é. Ṣùgbọ́n orúkọ ńlá kì í dí òrùlé tí ń jò. Ẹni tí ó kọ́lé tí kò tún un ṣe, aláǹgbá ni ó kọ́ ọ fún.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tọrọ ìbò, ẹ jẹ́ kí a bi í pé: èló ni ẹ ó yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe?