Ta Ló Ni Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìwé?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa)



Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí owó sikọláṣípù tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ dá sílẹ̀. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ọmọ àwa tá a dáwó nìkan ni kó máa jẹ ẹ́. Kí ẹ tó dìbò, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Íńdíà. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí àwọn tíṣà ará Íńdíà kọ́ ní ìṣirò àti físíìsì láyé ọjọ́un, ìtàn yìí kò ní jìnnà sí yín.

Ní ọjọ́ 20, oṣù kìíní, ọdún 1817, àwọn ọlọ́rọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù ní ìlú Calcutta, tá a mọ̀ sí Kolkata báyìí, ṣí ilé ìwé kan tí wọ́n pè ní Hindu College. David Hare, ará Scotland tó ń ṣe iṣẹ́ aago, wà lára àwọn tó sáré lé e lórí. Ìjọba kọ́ ló dá a sílẹ̀ o, àwọn ará ìlú ló dáwó. Ogún ọmọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan wà: ọmọ ẹlẹ́sìn Híńdù nìkan ló lè wọlé. Ẹni tó dáwó ló ni kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tó yá, ilé ìṣòwò tí wọ́n kó owó ilé ìwé sí dẹnu kọlẹ̀, owó bá wọmi. Wọ́n ní láti ké sí ìjọba. Kò tán síbẹ̀. Ní 1826, Henry Derozio, ọmọ ọdún 17, di tíṣà níbẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa wádìí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Èyí bí àwọn òbí nínú, àwọn alákòóso sì mú kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1831. Ọdún yẹn kan náà ló kú, ọmọ ọdún 22 péré.

Ní 1855, ìjọba gba ilé ìwé náà, ó di Presidency College, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún ẹlẹ́sìn gbogbo. Ẹ̀kọ́ wá ń gbòòrò: wọ́n kọ́ òfin, wọ́n kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n kọ́ físíìsì àti kẹ́místìrì. Ní 1892, ẹ̀kọ́ nípa àpáta àti ilẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ìjọba wá ṣe é dáadáa tán ni? Rárá o. Nígbà tí Jagadish Chandra Bose bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní físíìsì ní 1885, owó tí wọ́n fẹ́ san fún un kéré sí ti òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní òun kò gbà. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀, títí wọ́n fi san án ní pípé. Ọkùnrin yìí ló fi ìgbì rédíò lu aago láti ọ̀nà jíjìn, láìsí wáyà, ní Calcutta ní 1895.

Ẹ wá wo àwọn tó gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Fazlul Huq, Mùsùlùmí, kàwé níbẹ̀. Ní 1937 ó di olórí ìjọba Bengal. Meghnad Saha, ọmọ oníṣọ́ọ̀bù kékeré ní abúlé, kàwé níbẹ̀ náà. Àwọn kan nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ láti bá a jẹun pọ̀ nítorí ìran tí wọ́n bí i sí. Síbẹ̀, iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1920 làwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń lò títí dòní. Amartya Sen gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998, Abhijit Banerjee gbà á ní 2019; ọmọ ilé ìwé yẹn làwọn méjèèjì. Láti 2010 ló ti di yunifásítì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò bú àwọn tó dáwó ní 1817. Láìsí wọn, ìjọba kò ní rí nǹkan kan gbà ní 1855. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àmọ́ ká ní wọn kò ṣí ilẹ̀kùn yẹn, Fazlul Huq ì bá má dé ibẹ̀.

Èmi tí mo dúró níwájú yín yìí, bàbá mi kò kàwé níbí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan tí n kò mọ orúkọ wọn títí dòní ló san owó ìdánwò mi, kí n tó rí Pólì wọ̀, kí n tó di oníròyìn. Bó bá jẹ́ pé ọmọ tiwọn nìkan ni wọ́n wò, ẹlòmíì ni ì bá máa bá yín sọ̀rọ̀ lónìí.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká dáwó náà, ká sì fún ọmọ tó mọ̀wé tí kò lówó, ọmọ ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́. Àwọn ọmọ tiwa náà lè bá wọn jókòó ṣe ìdánwò.