Àwọn Onímọ̀ Ńlá àti Òjé Inú Ẹ̀jẹ̀ Òṣìṣẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ti ẹ̀ka wa)

 

Akọ̀wé ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ńláńlá àti ohun tí wọ́n ṣàwárí. A gbọ́ tí àwọn kan ń kùn lẹ́yìn pé kí ni sáyẹ́ǹsì kan òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó ná. Ẹ ní sùúrù fún wa. Kì í ṣe ti àwọn tí wọ́n lọ sínú òṣùpá ni a fẹ́ sọ. Irin kan ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí àwọn apẹja fi ń mú àwọ̀n wọn rì sínú omi, tí ó sì pọ̀ nínú bátìrì mọ́tò ju ohunkóhun lọ. Òjé ni. A ó sọ bí onímọ̀ mẹ́ta ṣe tọpa rẹ̀ dé inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, àti bí ẹnì kẹrin ṣe dà á sínú epo mọ́tò gbogbo ayé. Bí a bá parí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan ìbò tí a fẹ́ dì ní ìpàdé tí ń bọ̀, lórí agolo mílíìkì àti owó ewu.

DÓKÍTÀ TÍ Ó BÉÈRÈ IRÚ IṢẸ́

Ní ilẹ̀ Ítálì ni a bí Bernardino Ramazzini ní ọdún 1633. Dókítà ni. Ní ọjọ́ kan, àwọn tí ń kó ṣáláńgá wá ṣiṣẹ́ nílé rẹ̀. Ó rí i pé ọ̀kan nínú wọn ń kánjú bí ẹni tí iná ń lé, ó sì bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ọkùnrin náà dáhùn pé ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí kò lè mọ ohun tí ó ń ná ènìyàn; bí òun bá pẹ́ jù nínú ihò yẹn, ojú òun yóò fọ́ ni. Dókítà wo ojú rẹ̀, ó pọ́n, ó sì ti ń ṣókùnkùn. Ó wá rántí iye àwọn alágbe afọ́jú tí ó ti rí ní ìlú, tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ kan náà rí.

Láti ọjọ́ náà ni Ramazzini ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú ilé iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ní 1700, ó tẹ ìwé kan jáde lórí àìsàn tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fà. Nínú rẹ̀, ó sọ ti àwọn amọ̀kòkò tí ń lọ òjé láti fi kun ìkòkò kí ó lè máa dán: ọwọ́ wọn a kọ́kọ́ máa gbọ̀n, lẹ́yìn náà a rọ, eyín wọn a yọ, ojú wọn a sì dà bí òjé gan-an. Ó wá rọ àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún gbogbo èyí tí wọ́n ń bi aláìsàn: Irú iṣẹ́ wo ni o ń ṣe?

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè yìí ti lé ní 300 ọdún. Ẹ jẹ́ kí á béèrè lọ́wọ́ ara wa: nígbà tí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kẹ́yìn, ta ni ó bi yín?

OBÌNRIN TÍ Ó WỌ ILÉ ÒṢÌṢẸ́

Ní Amẹ́ríkà ni a bí Alice Hamilton ní 1869. Ó kẹ́kọ̀ọ́ dókítà, ó sì lọ gbé láàárín àwọn òṣìṣẹ́ aláìní ní Chicago. Ní 1910, ìpínlẹ̀ Illinois gbé ìwádìí lórí àìsàn iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ó sì mú òjé. Àwọn ọ̀gá sọ fún un pé òjé kò pa ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ àwọn, pé ọtí àti àìfọwọ́ ni ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ jà.

Hamilton kò bá wọn jiyàn. Ó gbé bàtà wọ̀. Ó yẹ ìwé ilé ìwòsàn wò, ó bá àwọn tí ń ta oògùn sọ̀rọ̀, ó gun àkàbà ilé àwọn òṣìṣẹ́ lọ bá àwọn ìyàwó wọn. Ní ìgbà kan, ó rí òṣìṣẹ́ kan tí òjé ti bà jẹ́, tí ó ní iṣẹ́ tánganran ni òun ń ṣe, pé ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá ni wọ́n ń kùn. Dókítà lọ síbẹ̀. Wọ́n mú un káàkiri, kò rí òjé kankan. Ó padà lọ bá ọkùnrin náà nílé. Ọkùnrin náà ní ibi tí wọ́n mú un lọ kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é gan-an, àwọn ọpọ́n tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni wọ́n fi hàn án. Ó bu ìyẹ̀fun tánganran náà fún un, nígbà tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, òjé inú rẹ̀ tó 20 nínú 100.

Ẹ kíyèsí i: kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá ni ó ṣí àṣírí yẹn. Òṣìṣẹ́ kan tí ó mọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, tí kò sì bẹ̀rù láti sọ òtítọ́, ni ó ṣí i. Ní 1911, Illinois ṣe òfin láti dáàbò bo òṣìṣẹ́. Ní 1919, Hamilton di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọdọ̀ bá àwọn ọkùnrin tò wọlé níbi ayẹyẹ ìgboyè. Ó gbé ayé títí di 1970, ó pé ẹni ọdún 101.

ẸNI TÍ Ó DA ÒJÉ SÍNÚ EPO

Ẹ̀yin awakọ̀, tiyín ni a dé yìí. Ẹ mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa ń lu gbà-gbà-gbà nígbà tí epo kò bá dára, tí mọ́tò sì ń gun òkè. Ní 1921, Thomas Midgley, ẹlẹ́rọ ọlọ́gbọ́n kan ní Dayton ní Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá fi ìwọ̀nba oògùn òjé kan sínú epo, ẹ́ńjìnnì a dákẹ́ jẹ́ẹ́. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ pé ọtí líle, irú ti ògógóró, lè ṣe iṣẹ́ yẹn bí a bá pò ó mọ́ epo. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ìwé àṣẹ lórí ọtí tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n pọn? Òjé ni ó lówó nínú. Ní oṣù Èrèlé 1923 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà á.

Ní oṣù Ọ̀wàrà 1924, ní ilé iṣẹ́ Bayway ní New Jersey, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń po oògùn náà bẹ̀rẹ̀ sí sínwín. Wọ́n ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀, wọ́n ń pariwo, àwọn kan ni a dè mọ́lẹ̀. Márùn-ún kú. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá sọ fún oníwèé ìròyìn pé ó jọ pé iṣẹ́ àṣejù ni ó dà wọ́n lórí rú. Midgley fúnra rẹ̀ dúró níwájú àwọn oníwèé ìròyìn, ó fi oògùn náà bọ́ ọwọ́, ó fà á símú, láti fi hàn pé kò léwu. Kò sọ fún wọn pé ní 1923 òjé ti dá òun náà gúnlẹ̀, tí òun ní láti lọ sinmi ní Florida.

Ní 1925, ìjọba pe ìpàdé ní Washington. Hamilton dìde, ó ní bóyá a lè ṣọ́ òjé nínú ilé iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe ṣọ́ ọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè? Wọn kò gbọ́. Nígbà tí ó di 1926, títà ti padà bẹ̀rẹ̀, òjé sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti ẹ̀yìn mọ́tò ní gbogbo ayé.

ẸNI TÍ Ó Ń WÁ ỌJỌ́ ORÍ AYÉ

Ohun mìíràn pátápátá ni Clair Patterson ń wá. Ó fẹ́ mọ ọdún tí ilẹ̀ ayé ti wà. Òjé tí ó wà nínú òkúta tí ó já bọ́ láti òfurufú ni ó fẹ́ fi ka ọdún náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ó bá wọ̀n ọ́n, òjé a pọ̀ kọjá ààlà. Ó fọ ilẹ̀, ó fọ ògiri, ó fọ gbogbo ohun èlò, síbẹ̀ òjé wà nínú eruku, nínú irun orí àti nínú aṣọ. Ó wá kọ́ yàrá ìwádìí tí eruku kò lè wọ̀. Ní 1956, ó kéde pé ọjọ́ orí ayé jẹ́ bílíọ̀nù 4.55 ọdún. Títí di òní, àwọn onímọ̀ kò tíì yẹ̀ jìnnà sí i.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó máa gba oríyìn. Patterson béèrè pé, níbo ni gbogbo òjé yìí ti ń wá? Ó wọn omi òkun, ó rí i pé òjé ojú omi pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ó wọn yìnyín ilẹ̀ Greenland, èyí tí ó ń tò léra lọ́dọọdún bí ojú ewé ìwé, ó rí i pé òjé ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń sún mọ́ ayé ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́. Ó kọ ọ́ jáde. Àwọn elépo tí wọ́n ń fún un lówó ìwádìí yọwọ́. Dókítà Robert Kehoe, tí àwọn ilé iṣẹ́ òjé gbẹ́kẹ̀ lé, ti ń sọ tipẹ́tipẹ́ pé òjé inú ara ènìyàn jẹ́ ti àdámọ́. Patterson ní ohun tí ó wà lára gbogbo ènìyàn lè jẹ́ àrùn tí gbogbo ènìyàn jọ kó.

Òun ni ó jàre. Láti àwọn ọdún 1970 ni Amẹ́ríkà ti ń dín òjé inú epo kù. Kí ó tó di 1991, òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ti dín kù ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Ní 2001, àwọn ìjọba Áfíríkà ṣe ìpinnu ní Dakar, nígbà tí ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ 2006, gúúsù Sàhárà ti jáwọ́ nínú epo olójé. Àlùgéríà ni ó ṣe ìkẹyìn ní ayé, ní 2021. Ọdún 98 ni epo yẹn fi wà lójà.

TIWA Ń KỌ́?

Òjé jáde nínú epo, kò jáde nínú bátìrì. Ní Thiaroye-sur-Mer lẹ́bàá Dakar, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì láti yọ òjé, ọmọdé 18 kú láàárín oṣù díẹ̀ ní 2007 sí 2008. Ní Zamfara lórílẹ̀-èdè wa, ní 2010, òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé ní òjé nínú, ó sì pa ọmọdé tí ó lé ní 400.

Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí. Ara ènìyàn kò mọ òjé yàtọ̀ sí èròjà tí ń mú eegun le, nítorí náà ó ń kó o pamọ́ sínú eegun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú a máa run, ìgbẹ́ kì í yà, orí a máa fọ́, ara a máa ro. Ẹni náà a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, a máa mu àgbo. Nígbà tí ó bá yá, ọwọ́ a rọ. Ti ọmọdé ni ó burú jù, nítorí ọpọlọ ni ó ń lọ bá.

Lọ́dún tí ó kọjá, a lọ kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó ti pẹ́ nídìí bátìrì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé ife mọ́. Àwọn ẹbí ní ayé ni. Ìyàwó rẹ̀ ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ aṣọ àwọn ọmọ nínú bàsíà kan náà. A wò ó, ojú tì wá. Nítorí àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí wà nídìí tábìlì lọ́jọ́ tí àwọn alákòóso fi agolo mílíìkì lọ̀ wá. A gbà á, a sì wá sọ fún yín pé a ti jà, a ti ṣẹ́gun.

Ẹ̀yin ará, mílíìkì kì í fọ òjé. Oúnjẹ dára, nítorí òjé a máa tètè wọ ara ẹni tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n èéfín tí ó gba imú wọlé, kí ni mílíìkì fẹ́ fi ṣe? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ti owó ewu náà ń kọ́? A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín fẹ́ ẹ, ilé ń gbowó, ilé ìwé ń gbowó. Ṣùgbọ́n owó ewu kò gbé ewu lọ. Ó kàn ń sanwó fún un ni.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dìbò fún nìyí: kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún òjé lọ́fẹ̀ẹ́, kí èsì rẹ̀ sì tẹ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń fa èéfín síta sí ibi tí a ti ń yọ́ òjé, kí wọ́n máa fi omi rin ilẹ̀ kí a tó gbá a, kí a ní ibi ìwẹ̀, kí aṣọ iṣẹ́ má sì bá wa délé mọ́, kí ibi oúnjẹ jìnnà sí ibi iṣẹ́, kí a gbé ẹni tí òjé rẹ̀ bá pọ̀ lọ sí ẹ̀ka mìíràn láì dín kọ́bọ̀ kù nínú owó rẹ̀, kí a má sì lé e.

Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin rewáyà, ẹ má ṣe la bátìrì nílé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yọ́ òjé lórí iná tí wọ́n ti ń sebẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀bà.

Ramazzini, Hamilton àti Patterson tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n méjì àkọ́kọ́ kò ní rí ohunkóhun bí òṣìṣẹ́ bá dákẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún dé iwájú dókítà, tí kò bá bi yín ní irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ẹ sọ fún un kí ó tó kọ oògùn.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ wá dìbò.