Ọkọ̀ Tó Rì, Ọkọ̀ Orí Tábìlì

Ẹni tó bá mú owó ẹyọ sẹ́ǹtì mẹ́wàá ti Kánádà lọ́wọ́, ọkọ̀ apẹja ló mú lọ́wọ́. Láti 1937 ni ọkọ̀ onígbòkun kan ti wà lára owó náà, tó ta ìgbòkun, tó sì ṣẹ̀gbẹ́ díẹ̀ nítorí atẹ́gùn. Emanuel Hahn ló ya á. Bluenose ni orúkọ ọkọ̀ náà. Èyí tó wà lára owó kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Èyí tó wà lójú òkun gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 143, ìyẹn mítà 43.6. Láàárín méjèèjì ni àwọn tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé lórí ti ń ṣiṣẹ́: àwọn tó ń fi igi pẹlẹbẹ, òwú, gọ́ọ̀mù àti sáńpépà kọ́ Bluenose mìíràn sórí tábìlì nínú ilé wọn, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì ń lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Àwọn kan á ní eré ọmọdé ni. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé lè kọ ọ́ pé wọ́n so okùn ìgbòkun mọ́ ara ọkọ̀, kó sì bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kọ́ àwòṣe kò lè kọjá níbẹ̀. Okùn wo? Ibo ni wọ́n so ó mọ́? Ṣé ọ̀tún ni àbí òsì? Ó nípọn tó kí ni? Bí kò bá rí ìdáhùn, òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ibi tó máa lọ. Olùkọ́ tó ń sọ̀rọ̀ yìí gbà pé ìwádìí gidi ni, ìwádìí tí ọwọ́ ń ṣe, tó sì ń tú àṣírí ohun tí ẹnu lè fi gbólóhùn dídán bò mọ́lẹ̀. Òun náà ti fi gbólóhùn dídán bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀ rí.

Lunenburg ni wọ́n ti kan Bluenose, ìlú èbúté kan ní Nova Scotia, ní etíkun ìlà-oòrùn Kánádà. Ilé iṣẹ́ Smith & Rhuland ló kàn án, wọ́n sì tì í sómi ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 1921. Ìnagijẹ àwọn ará Nova Scotia ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, nítorí “onímú-búlúù” ni wọ́n ń pè wọ́n látijọ́. Owú ìlú sí ìlú ló bí i. Ní 1920, ìwé ìròyìn kan ní Halifax gbé ife ẹ̀yẹ kalẹ̀ fún eré ìje àwọn ọkọ̀ apẹja: ọkọ̀ tó ń pẹja ní tòótọ́, kì í ṣe ọkọ̀ afẹ́ àwọn olówó. Lọ́dún àkọ́kọ́ náà, Esperanto tó wá láti Gloucester ní Massachusetts na Delawana ti Nova Scotia lójú omi ilé wọn. Ó dùn wọ́n wọ eegun. Kí ọdún náà tó parí, igi ìpìlẹ̀ ọkọ̀ tuntun ti wà nílẹ̀ ní Lunenburg.

William Roué tó ya àwòrán ọkọ̀ náà kì í ṣe apẹja. Òwò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ìdílé rẹ̀ ń ṣe ní Halifax. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìwé kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ya ọkọ̀. Lórí ìwé ló ti yanjú ohun gbogbo, èyí sì jẹ́ ohun tuntun díẹ̀ létíkun yẹn.

Nítorí pé látijọ́, àwòṣe ló máa ń ṣáájú ọkọ̀. Ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà á to pákó pẹlẹbẹ léra wọn, á gbẹ́ wọn títí ìdajì ọkọ̀ á fi yọ jáde, bí ẹja tí wọ́n là láti orí dé ìrù. Kò gbẹ́ ìdajì kejì, nítorí ọgbọọgba ni ọ̀tún àti òsì. Á di ojú kan wò ó, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, á sì họ ọ́ níbi tí ọwọ́ bá ti kọsẹ̀. Nígbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tú pákó kọ̀ọ̀kan kúrò lára èkejì, á wọn ìlà tó wà létí wọn, á wá ya ìlà náà sórí ilẹ̀ ilé ńlá kan bó ṣe máa tóbi tó lára ọkọ̀ gidi. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé egungun ìhà ọkọ̀. Ẹni tó ń kọ́ àwòṣe lónìí ń tọ ipa ẹsẹ̀ yẹn padà sẹ́yìn, láti ọkọ̀ ńlá sí igi kékeré tí ọwọ́ lè pa lára.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Lunenburg kò sì tẹ̀lé ìwé Roué délẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ nílùú náà ni pé yàrá àwọn apẹja níwájú ọkọ̀ kò ga tó kí ọkùnrin dìde dúró nínú rẹ̀, wọ́n bá gbé iwájú náà sókè ní nǹkan bí íǹṣì 18. Ibẹ̀ ni Bluenose ti rí àgbọ̀n tó gbé sókè yẹn, bí ẹni tí kò ka omi sí. Lórí tábìlì, ní ìwọ̀n kan sí 64, íǹṣì 18 náà kò ju mílímítà méje lọ. Ẹni tó bá gbójú fo mílímítà méje yẹn, ọkọ̀ mìíràn ló kọ́.

Ìwọ̀n kan sí 64 yìí ni ilé iṣẹ́ Model Shipways ní Amẹ́ríkà fi ń ta àpótí igi Bluenose fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ. Kí ni ó túmọ̀ sí? Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 143 á di sẹ̀ǹtímítà 68. Fífẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 27, á di sẹ̀ǹtímítà 13 tí kò pé. Apẹja tó ga dáadáa kò ní ju sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀ lọ púpọ̀. Ìṣirò ìwúwo ló yani lẹ́nu jù. Gígùn dín kù lọ́nà 64, fífẹ̀ dín kù lọ́nà 64, jíjìn náà dín kù lọ́nà 64. Bí a bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ lára wọn, ó di 262,144. Ọkọ̀ tó wọn tọ́ọ̀nù 285 wá di nǹkan tó wọn bíi kìlógíráàmù kan, tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè gbé.

Atẹ́gùn ni kò gbà kí wọ́n sọ òun di kékeré. Bí ọkọ̀ bá kéré, agbára tó fi ń dúró ṣinṣin máa ń yára dín kù ju agbára tí atẹ́gùn fi ń tì í lọ. Bí wọ́n bá gbé Bluenose kékeré tó pé géérégé sójú adágún, tí wọ́n sì ta gbogbo ìgbòkun rẹ̀, atẹ́gùn fẹ́ẹ́rẹ́ lè dà á dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ́ èyí tó máa rìn lójú omi fi ń so òjé mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó jìn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ rìn gbọ́dọ̀ purọ́ díẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ sọ òtítọ́, orí tábìlì ni àyè rẹ̀.

Òwú náà ń dani láàmú. Òwú tó nípọn ìdá méjì nínú mẹ́wàá mílímítà, ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Bí ó bá wà lára ìgbòkun àwòṣe, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n fi okùn tó nípọn ju mílímítà 12 lọ hun aṣọ ìgbòkun ọkọ̀ gidi. Ọ̀dà tí wọ́n kùn ní ìpele mẹ́ta láìfi omi là á, á dà bí amọ̀ tí wọ́n rẹ́ mọ́ ògiri. Igi tí ojú rẹ̀ rí wúruwùru ńkọ́? Lára àwòṣe, ìlà inú rẹ̀ á dà bí odò àti àfonífojì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá igi tí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, bíi basswood, dípò óákù tó wà lára ọkọ̀ gidi. Kí àwòṣe tó lè jọ òtítọ́, igi tí kì í ṣe ti òtítọ́ ni wọ́n á lò. Ọ̀rọ̀ yìí ò yé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á máa bínú sí ẹni tó sọ ọ́ fún wọn.

Iṣẹ́ gidi wà níbi ara ọkọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó na ọkọ̀ já láti iwájú dé ìdí, wọ́n á ki egungun ìhà bọ inú àlàfo ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo rẹ̀ á fi dà bí ẹja tí wọ́n jẹ ẹran ara rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi sáńpépà ra etí àwọn egungun náà, kí pákó tó bá kọjá lórí wọn lè sùn pẹ̀lẹ́ lórí gbogbo wọn. Ẹni tó bá kánjú níbí á rí i nígbà tó bá yá: pákó á wú síbì kan, á wọlé síbòmíràn.

Pákó ẹ̀gbẹ́ ò gùn gbọọrọ bí wọ́n ṣe rò ó. Àárín ọkọ̀ fẹ̀, iwájú rẹ̀ sì há. Iye pákó tó wà láàárín náà ló gbọ́dọ̀ dé iwájú. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ tín-ín-rín bó ṣe ń lọ síwájú, bí ìrù aláǹgbá, àfi kí wọ́n wọn àyè egungun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pín in sí iye pákó tó ṣẹ́ kù, kí wọ́n sì gbẹ́ pákó náà mọ́ ìwọ̀n. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tàbí kí wọ́n fi ooru rọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ dì í mú títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ. Wọ́n kì í kan ẹ̀gbẹ́ kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí èkejì. Bí pákó kan bá lọ sọ́tùn-ún, òmíràn á lọ sósì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi tó ń gbẹ á fa ọkọ̀ náà wọ́, kò sì sí ohun tó lè tún un ṣe mọ́.

Orí ọkọ̀ ló ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọkọ̀ ńlá bíi Bluenose kì í pẹja fúnra rẹ̀. Ìyá ọkọ̀ ni; àwọn ọmọ rẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní dory, pẹlẹbẹ nísàlẹ̀, tí ìjókòó inú wọn ṣeé yọ, kí wọ́n lè kó wọn bọnú ara wọn bí igbá tó wà nínú igbá. Lórí omi Grand Banks, ibi tí wọ́n ti ń pẹja, apẹja méjì-méjì á sọ̀ kalẹ̀ sínú dory kọ̀ọ̀kan, wọ́n á na okùn gígùn tó ní ìwọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ sísàlẹ̀ òkun, wọ́n á sì máa fà á wọlé pẹ̀lú ẹja cod lára rẹ̀, ìbáà ṣe nínú kùrukùru tí ẹnìkan kò ti lè rí ìyá ọkọ̀ mọ́. Orí ọkọ̀ ńlá ni wọ́n ti ń la ẹja náà, wọ́n á sì tò ó sínú iyọ̀ nísàlẹ̀ ọkọ̀. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ hàn lára àwòṣe: àpótí tí wọ́n ń da ẹja sí, agbada okùn, tábìlì ìla-ẹja. Lára dory tí wọ́n kó léra, èyí tó wà lókè nìkan ni ojú ń rí inú rẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń gbẹ́ etí àwọn tó wà nísàlẹ̀ nìkan. Olùkọ́ yìí kò lè dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àwọn tó ṣe gbogbo rẹ̀ pé.

Ibo ni ẹja oníyọ̀ náà ń lọ nígbà náà? Apá ńlá rẹ̀ ń lọ sí erékùṣù Caribbean, níbi tí cod oníyọ̀ ti jẹ́ oúnjẹ àwọn ẹrú látijọ́ kó tó di oúnjẹ gbogbo ìlú. Ní Jamaica, oúnjẹ tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi ń yangàn ni cod oníyọ̀ tí wọ́n sè pẹ̀lú ackee. Ackee yìí kan náà ni iṣin, igi tí Yorùbá mọ̀ dáadáa, tó sọdá òkun láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Inú ìkòkò kan ni ẹja àríwá àti èso ilẹ̀ wa ti pàdé. Pánla líle tó ń ti Norway wọ ọjà Yorùbá, cod kan náà ni, àfi pé atẹ́gùn ló gbẹ ẹ́, kì í ṣe iyọ̀.

Ìbéèrè tó le jù ni ti ọjọ́. Bluenose ọjọ́ wo ni wọ́n ń kọ́? Ní oṣù Kẹwàá 1921 tó na ọkọ̀ Elsie nínú eré ìje, ṣónṣó òpó ìgbòkun wà lókè, ìgbòkun òkè wà níbẹ̀, dory ti bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Nígbà òtútù tó ń pẹja, wọ́n ti yọ ṣónṣó òpó náà kúrò nítorí ìjì. Lẹ́yìn 1936, ẹ́ńjìnnì dísù wà nínú rẹ̀. Àìmọye àwòṣe ló ní dory mẹ́jọ lórí ọkọ̀ àti gbogbo ìgbòkun ìje lókè. Ó lẹ́wà, àmọ́ bí ẹni tó wọ agbádá lọ sóko ni.

Okùn gba oṣù púpọ̀, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tó di òpó mú dúdú, nítorí ọ̀dà. Èyí tó ń fa ìgbòkun máa ń ní àwọ̀ okùn fúnra rẹ̀, láìkùn ún lọ́dà. Bí àwọ̀ méjèèjì bá papọ̀, ẹni tó mọ ọkọ̀ á ti mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Ọkọ̀ gidi kò sí mọ́ láti fi wé. Angus Walters, ọ̀gákọ̀ rẹ̀, fi í borí nínú eré ìje títí dé 1938, nígbà tó na ọkọ̀ Gertrude L. Thebaud. Ogun dé, iṣẹ́ ẹja onígbòkun kú. Wọ́n tà á ní 1942 láti máa kó ẹrù káàkiri erékùṣù Caribbean, ibi tí ẹja rẹ̀ ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1946 ló sọ lu òkúta abẹ́ omi lẹ́bàá Île-à-Vache ní Haiti. Kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ ọkọ̀ ò là á já. Ní 1963, ilé iṣẹ́ kan náà kan Bluenose kejì láti inú àwòrán Roué. Àwọn tó ń kọ́ àwòṣe fẹ́ràn ti 1921, olúborí. Èyí tó ń kó ẹrù ní Caribbean, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń rùn, tí kò ní dory kankan lórí, kò wọ́pọ̀ lórí tábìlì ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, igi kan náà ló máa rà.