Kí A Tó Ra Alùpùpù

Ọ̀dà dídán kọ́ ni yóò gbé wa gòkè. Ilé-iṣẹ́ Honda gbé CG125 jáde ní 1976, wọ́n sì ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí àtúnṣe rẹ̀ má le. Síbẹ̀, àlòkù gba àyẹ̀wò. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà kí ẹ tó ṣáná sí i: bí ó bá ti gbóná, ẹni tí ń tà á lè ti fi àìsàn kan pamọ́. Bí èéfín rẹ̀ bá rí bí aró, ọ́ìlì ni ó ń jó. Ẹ gbé ẹnìkan sẹ́yìn, kí ẹ gùn ún láti Bẹẹrẹ gòkè Mápó. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ sí Ọjàa'ba, ẹ dán bíréèkì wò. Bí òkè bá borí alùpùpù, a lè fẹsẹ̀ rìn. Bí ìsàlẹ̀ bá borí bíréèkì, ọmọ ọlọ́mọ tó ń nájà ni yóò jìyà.